Ìpáàrà Tó Ń Gba Ẹ̀mí Là: Iṣẹ́ Fẹ́rítìn Nínú Sẹ́ẹ̀lì

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́. Páànù orí ilé wa lẹ́bàá ọ̀sà, gbogbo wa la mọ ohun tí ìpáàrà fi ojú rẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ìpáàrà ni mo wá gbè sí lónìí. Nínú sẹ́ẹ̀lì, òun ni kì í jẹ́ kí irin pa wá.

Fẹ́rítìn ni purotéènì tó ń tọ́jú irin nínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan ń pè é ní àká irin. Àká wo ló ń sun àgbàdo kó tó gbà á wọlé? Kí irin tó lè dúró sínú fẹ́rítìn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dógùn-ún. Alágbẹ̀dẹ ni mo pè é.

Ẹyọ purotéènì 24 ló so pọ̀ di bọ́ọ̀lù tí inú rẹ̀ ṣófo: ìbú rẹ̀ jẹ́ nànómítà 12, ti ihò inú rẹ̀ jẹ́ 8. Ó lè gba átọ̀mù irin tó 4,500, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà kún tó bẹ́ẹ̀. Oríṣi méjì ni ẹyọ náà, H àti L. H ló ń ṣe àgbẹ̀dẹ. Irin Fe2+, èyí tó ṣì ní ẹ́lẹ́kítírọ̀nì kan tó lè jọ̀wọ́, á gba ẹnu ọ̀nà mẹ́jọ wọlé, níbi tí ẹyọ mẹ́ta mẹ́ta ti pàdé. Aspartate àti glutamate, ásíìdì àmínò (ègé tí a fi kọ́ purotéènì) tó tò sí ẹnu ọ̀nà, ló ń fà á. Nínú ẹyọ H, irin méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ásíìdì àmínò mẹ́rin tí à ń pè ní Glu27, Glu62, His65 àti Glu107 (nọ́ńbà náà ni ipò wọn) á dì wọ́n mú. Ọ́síjìn á bọ́ sí àárín wọn, á gba ẹ́lẹ́kítírọ̀nì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn. Ní lábù, ẹ óò rí àwọ̀ búlúù fìrí kó tó pòórá. Ohun tó kù ni Fe3+, irin tó ti jọ̀wọ́ ẹ́lẹ́kítírọ̀nì yẹn, àti H2O2, omi tó ń hó lójú egbò yẹn. Fe3+ á lọ bá ẹyọ L, tí kò lè ṣe àgbẹ̀dẹ ṣùgbọ́n tó mọ bí a ti ń to ìpáàrà jọ.

Bí Fe2+ bá pàdé H2O2 níta, ohun tó ń bí a máa gé DNA, a sì máa jó ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì. Èkúté tí kò ní ẹyọ H rárá, inú oyún ló ń kú sí. Kí àwọn alákàá dáhùn ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dán an wò ní lábù: ojú iṣẹ́ (ibi tí irin méjì ti ń dúró nínú ẹyọ H) jẹ́ 24, irin méjì lójú kan, 48 ni bọ́ọ̀lù tó jẹ́ H nìkan lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ ẹ bá da jù bẹ́ẹ̀ lọ lójijì, irin á dógùn-ún síta, omi á pọ́n bíi tíì. Kí omi Fe2+ yín sì kan ní pH 2, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, inú ìgò ni yóò ti dógùn-ún.

Ibí ni nọ́ọ̀sì kan láti Kétu ti nawọ́: “Ẹ̀gbọ́n, àgbàlagbà kan wà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó, tí ara rẹ̀ ń gbóná, fẹ́rítìn rẹ̀ wá jẹ́ 50. Ṣé irin rẹ̀ pọ̀ ni?”

Rárá o, àǹtí. Fẹ́rítìn tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀, ẹyọ L ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, irin rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Bí ara bá ń bá àrùn jà, iye rẹ̀ á fò sókè, ebi irin ì báà máa pa ẹni náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní irin kò tó bí fẹ́rítìn bá wà nísàlẹ̀ 15 máíkírógíráàmù nínú lítà kan fún àgbà tí ara rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n 70 bí àrùn bá wà lára. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 12 àti 30. 50 yín yẹn lè jẹ́ àìtó irin gan-an. Ẹ yẹ CRP, purotéènì ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí ara bá ń bá àrùn jà, wò mọ́ ọn.

Ìbéèrè yẹn ti jẹ aago. Ìjáde irin kò wá gbà ju gbólóhùn kan lọ: purotéènì kan tó ń jẹ́ NCOA4 á dì mọ́ ẹyọ H, á wọ́ bọ́ọ̀lù náà lọ sínú lísósómù, àpò tí sẹ́ẹ̀lì ti ń tú nǹkan palẹ̀, ásíìdì ibẹ̀ á yọ́ ìpáàrà, irin á padà di Fe2+, á lọ síṣẹ́. Ẹ sì rí i pé ẹyọ H náà ni wọ́n tún dì mú.