Ènì Kò Sí Lójú Ogun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọjà Ìpátá ni mo wà yìí, ní Ìlọrin, níwájú ìyá kan tó ń ta èlùbọ́. Ẹ fojú sí ọwọ́ ìyá yìí dáadáa. Ó bu èlùbọ́ sínú kóńgò, ó kún, ó tún bu lé e títí ó fi ga bí Òkè Sọ̀bí, èyí tó fẹ́ dànù létí ló fi ọwọ́ gbá mọ́ra. Ó dà á sínú ọ̀rá mi tán, ó tún wá fi ìkúnwọ́ kan lé e. Ènì nìyẹn. Bí kò bá fi lé e, èmi náà á dúró síbẹ̀ ni, mi ò ní lọ.

Ẹ fi ènì yẹn sọ́kàn. Lọ́jọ́ tí ogun bá wọ̀lú, òun ló máa ń kọ́kọ́ sá. Lẹ́yìn rẹ̀, òkè orí kóńgò á wálẹ̀, wọn á máa fi igi ré e lórí. Bó bá yá, kóńgò á di ife. Bí ọ̀rọ̀ bá wá le tán, kóńgò á kúrò lọ́wọ́ ìyá yìí, á bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, ìjọba ni yóò máa wọn oúnjẹ fún olúkúlùkù. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju méjì lọ: ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọ̀lú, àti ọwọ́ tó di kóńgò mú. Nínú ogun, méjèèjì yìí máa ń pa ènìyàn ju ìbọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù ọmọ rẹ̀ sì gorí oyè. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìjàyè, ní irọ́ ni, òun kò ní tẹrí ba fún un, nítorí pé àṣà ìgbà náà ni kí Àrẹ̀mọ bá ọba kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ìjàyè kì í ṣe ìlú ojo rárá. Wọ́n ní jagunjagun, Ẹ̀gbá sì wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìlú Òkè-Ògùn ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Ìbàdàn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lọ gba Òkè-Ògùn kúrò lẹ́yìn Ìjàyè.

Odi ìlú ṣì dúró. Ìbọn ṣì wà. Iṣu ni kò sí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: ó di pé àwọn òbí ń fi ọmọ wọn ṣe ìwọ̀fà kí wọ́n lè rí nǹkan fi sẹ́nu. Ẹ rò ó wò, ọmọ tí wọ́n ń torí rẹ̀ jagun. Kúrunmí fúnra rẹ̀ kú ní 1861, ìlú sì fọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, 1862.

Ẹ wá fi ogun Kírìjì wé e. 1877 ni ogun yẹn bẹ̀rẹ̀, àwọn Ìgbómìnà tiwa náà sì wà nínú Èkìtì Parapọ̀ tó dojú kọ Ìbàdàn. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn, iyọ̀ wọ́n bí ojú. Síbẹ̀ ogun náà kò parí pátápátá títí di 1893. Báwo ni ènìyàn ṣe ń jagun fún ọdún mẹ́rìndínlógún? Oko ni wọ́n ń dá. Ibùdó ogun di ìlú, wọ́n kọ́lé, wọ́n gbin nǹkan yí ibùdó ká. Ẹni tó ń jẹ iṣu tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sójú ogun, ta ni yóò lé e lọ?

Ó wá ku Ọ̀fà. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ẹ rọra o, mo mọ̀ pé ìjàkadì lorò yín, ìtàn lásán ni mo ń sọ. Ìlọrin dó ti Ọ̀fà fún ọdún gbọọrọ, Kárárà tí í ṣe Balógun sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà títí Ọ̀fà fi fọ́ ní 1887. Kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yìn Ọ̀fà ṣí sílẹ̀. Ọ̀nà tó lọ sí Ìkìrun kò dí, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sì wà níbẹ̀. Ìlú tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣí, ẹ má tètè kà á kún òkú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọdá òkun. Nígbà ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ọkọ̀ ogun Ìlú Ọba dí òkun mọ́ Jámánì. Oṣù Kìíní 1915 ni Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé pín búrẹ́dì. Àwọn ọ̀mọ̀wé wọn jókòó, wọ́n ṣírò, wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀ ń bá ènìyàn du ọ̀dùnkún jẹ, kí wọ́n pa wọ́n. Wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ lọ bẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ kì í jẹ ẹran yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn ni ajílẹ̀ oko. Ẹran tán, ajílẹ̀ dín kù. Nígbà tó di ìgbà ìkórè 1916, àrùn bá ọ̀dùnkún náà jà. Òtútù ọdún yẹn, ohun tí wọ́n ń fi bọ́ ẹran ọ̀sìn ni àwọn ará ìlú ń jẹ. Àwọn àgbẹ̀ ń fi oúnjẹ pamọ́, olówó ń rà á lábẹ́lẹ̀, àwọn ìyá tó tò síwájú ilé búrẹ́dì sì mọ̀ pé olówó ń rà á lábẹ́lẹ̀. Ọmọ ogun tó wà lójú ìjà ń gba lẹ́tà láti ilé pé ebi ń pa ìyàwó òun. Ọkàn wo ni ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi jà?

Ìlú Ọba rí gbogbo èyí, wọ́n sì kọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí tiwọn díẹ̀, nítorí pé àwọn ló mọ kóńgò dì mú jù. Kí ogun 1939 tó dé, ó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta oúnjẹ wọn tó ń gba orí omi wọlé. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì wá lúgọ sínú òkun, ó ń ri ọkọ̀ oúnjẹ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní, 1940, ìwé ìpín bẹ̀rẹ̀: ṣúgà, bọ́tà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i. Tíì tẹ̀lé e láàárín ọdún náà, áúnsì méjì péré fún ẹnì kan lọ́sẹ̀, àwọn òyìnbó tí tíì jẹ́ ẹ̀mí fún! Ẹni kọ̀ọ̀kan ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kan, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn nìkan ni yóò ti máa rà á. Ẹ kò lè kúrò ní Ìpátá kí ẹ tún yọjú sí Ọjà-Ọba.

Lord Woolton ni mínísítà oúnjẹ wọn láti 1940, iṣẹ́ rẹ̀ sì jọ ti ìyálé tó mọ ilé í tọ́jú. Ẹ mọ bí ìyá ṣe máa ń ka ẹran sínú ọbẹ̀ lójú gbogbo yín, ṣùgbọ́n tí yóò ní, ẹ máa bu àmàlà o, àmàlà kò tán? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹran, bọ́tà àti ṣúgà níye, ṣùgbọ́n wọn kò fi búrẹ́dì àti ọ̀dùnkún sínú ìwé ìpín rárá títí ogun fi parí. Ẹnikẹ́ni tí ebi bá ń pa á lè rí nǹkan fi dí i. Aláboyún àti ọmọ kékeré ní ìwé tiwọn, aláwọ̀ ewé, tó fún wọn ní mílíìkì àti omi ọsàn. Ọba wọn pàápàá ní ìwé ìpín. Mi ò ní kí ẹ gbà pé ọba jẹ bí aláàárù ṣe jẹ, èmi náà kò gbà á. Àmọ́ aláàárù rí ìwé náà lọ́wọ́ ọba, ìyẹn sì ṣe é láǹfààní. Àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń kú dín kù níbẹ̀ láàárín ogun. Oúnjẹ dín kù, ikú ọmọ dín kù. Bí wọ́n ṣe pín in ni.

Ó wá kù síbì kan tí àwọn òyìnbó kì í tètè sọ. Níbo ni òróró inú mágárínì wọn ti ń wá? Nígbà tí Japan gba Malaya lọ́wọ́ wọn ní 1942, ọwọ́ wọn kò tó epo ibẹ̀ mọ́. Èkùrọ́ àti ẹ̀pà ilẹ̀ wa ni wọ́n yíjú sí. Ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ lọ́dún yẹn fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àjọ náà nìkan ló ń ra irè oko, iye tí òun fúnra rẹ̀ bá dá ló sì ń san. Ìyá tó jókòó sábẹ́ igi tó ń fi òkúta pa èkùrọ́ lọ́jọ́ náà, ó ń pèsè oúnjẹ fún ọmọ ogun, ṣùgbọ́n kò sí ìwé aláwọ̀ ewé fún ọmọ ẹ̀yìn tirẹ̀.

Ní Leningrad, ní Rọ́ṣíà, Jámánì dó ti ìlú láti oṣù Kẹsàn-án 1941 títí di oṣù Kìíní 1944. Ìgbà tó burú jù, ní oṣù Kọkànlá 1941, gíráàmù 125 búrẹ́dì ni ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ń gbà fún odidi ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ ń gba 250. Ẹ mú búrẹ́dì kékeré kan, ẹ gé bíi ègé mẹ́rin tín-ín-rín, nǹkan tí mò ń wí nìyẹn, wọ́n sì ti po nǹkan tí kì í ṣe ìyẹ̀fun mọ́ ọn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló kú. Ìlú kò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, nítorí pé ọ̀sà Ladoga tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dì nígbà òtútù, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gba orí omi dídì náà kó oúnjẹ wọlé. Ẹ̀yìn ìlú ṣí, bí ti Ọ̀fà.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù wà ní Bóńmà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Oṣù Kẹta 1944, ọ̀gágun Japan kan, Mutaguchi, kó ọmọ ogun gba orí òkè láti Bóńmà lọ sí Imphal, ní India. Oúnjẹ bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ní kí wọ́n gbé. Ó ní kí wọ́n da màlúù lọ́wọ́, wọn á máa jẹ ẹ́ lọ́nà. Kí ìyẹn tó tán, wọn á ti gba ilé ìkóǹkansí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọn á máa jẹ oúnjẹ ọ̀tá. Ẹ lọ bi Fúlàní kan ní Bódè Sáàdú bóyá ènìyàn lè da màlúù la odò ńlá kọjá, kó tún dà á gun òkè gíga, kí wọ́n sì dé bí wọ́n ṣe lọ. Òmíràn bá odò Chindwin lọ, òmíràn já sí kòtò. Ìlú Imphal kò sì bọ́. Bàálù ń já oúnjẹ fún àwọn tí wọ́n dó tì, àwọn tó dó tì wọ́n ló ń jẹ koríko. Nígbà tí Japan fi máa padà sẹ́yìn ní oṣù Keje, wọ́n ti pàdánù ènìyàn tó ju 50,000 lọ, ebi àti àrùn ló sì mú èyí tó pọ̀.

Lọ́dún kan náà, ní àfonífojì Kaladan, ní agbègbè Arakan ní Bóńmà, àwọn ọmọ tiwa wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò sí títì níbẹ̀. Bàálù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n ń fi aṣọ ńlá bí agboòrùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti òkè, àwọn aláàárù wa á sì gbé e sórí, wọn á wọ igbó lọ. Bí ẹ bá kọjá ní Arakan Barracks ní Àpápá, agbègbè Bóńmà yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà tó rí bàálù fún ọmọ ogun, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bengal, ní India, ní 1943. Ìrẹsì Bóńmà kò wá mọ́. Wọ́n ti gba ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ àwọn ará abúlé kí Japan má baà rí i lò, kò wá sí ohun tí wọ́n máa fi kó oúnjẹ tàbí pẹja. Owó ìrẹsì fò sókè. Ènìyàn tó tó mílíọ̀nù mẹ́ta kú, láìsí pé ẹnikẹ́ni dó tì wọ́n. Ilé wa náà rí i láàárín 1967 sí 1970, nígbà tí wọ́n dí ilẹ̀ àti òkun mọ́ Biafra, tí bàálù ń já oúnjẹ sí pápá bàálù Uli lóru. Àwọn ọmọ tí ikùn wọn wú nínú àwòrán ìgbà yẹn, mi ò ní fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ ohunkóhun.

Gàrí ni mo fẹ́ fi sọ ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Nígbà ogun Hitler, ìjọba àwọn òyìnbó yan Captain Pullen pé kó máa dá iye tí wọn yóò máa ta oúnjẹ ní Èkó. Iye tó dá kò tó owó tí àwọn ìyá fi ń rà á lóko, ká má tíì sọ owó ọkọ̀. Gàrí pòórá lọ́jà. Ó wà o, abẹ́lẹ̀ ló wà. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà, kò ka ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò ju Pullen lọ, ó sì kó àwọn ìyá jọ, wọ́n ní àwọn kò gbà. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó gba kóńgò lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn tí ogun parí ní 1945, ìjọba fọwọ́ kúrò lórí gàrí. Ìwé ìpín sì wà lọ́wọ́ àwọn ará Ìlú Ọba títí di ọjọ́ 4 oṣù Keje, 1954, kódà búrẹ́dì tí ogun kò kàn, ẹ̀yìn ogun ni wọ́n wá fi sí i, láti 1946 sí 1948.

Ìyá ní kí n dá kóńgò òun padà, oníbàárà ti dé.