Nígbà Tí Agbáhọ́kì Bá Pààrọ̀ Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ jókòó síwájú, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ họ́kì orí yìnyín ni wọ́n ní kí n wá bá yín sọ, eré tí àwa kò bá nílé, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ wa ní Kánádà àti Amẹ́ríkà ti ń gbá báyìí. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dojú kọ. Eléré kan á wà nínú ẹgbẹ́ kan fún ọdún márùn-ún, mẹ́fà, á dà bí ẹni tí kò ní lọ síwájú mọ́. Wọ́n á gbé e lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn, kò ní pẹ́ tí yóò fi di àgbà lójú gbogbo ayé. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i lọ́hùn-ún?

Ọ̀pọ̀ á dáhùn pé ẹgbẹ́ tuntun náà ló dára ju ti àtijọ́ lọ. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Lójú tèmi, ẹrù tí wọ́n dì fún un ló yí padà. Ẹrù tó bá wúwo jù máa ń tẹ ọmọdé mọ́lẹ̀. Èyí tó bá sì fúyẹ́ jù kò ní jẹ́ kó mọ̀ pé òun ní agbára. Ẹgbẹ́ tuntun máa ń tú ẹrù náà palẹ̀, wọ́n á sì tún un dì.

Kí n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, nítorí kò rí bíi ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí a mọ̀. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ lè fi eléré kan gba eléré mìíràn, tàbí kí wọ́n fi í gba àǹfààní láti yan ọ̀dọ́ ní ọdún tó ń bọ̀, láìbi í léèrè. Àwọn tí àdéhùn wọn ní gbólóhùn ìdáàbòbò nìkan ló lè ní àwọn ò lọ, òfin kò sì gbà kí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ títí eléré yóò fi pé ọmọ ọdún 27 tàbí tí yóò ti gbá á fún sáà 7. Fóònù á dún lọ́sàn-án. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti wà ní ìlú mìíràn. Ìyàwó, ọmọ àti ilé á ṣì wà lẹ́yìn. Yóò wọ yàrá ìmúra tí gbogbo ènìyàn ti ní ìjókòó tirẹ̀, kò ní mọ ìkọ́ wo ni kó fi aṣọ kọ́. Mo ti rí i lójú àwọn ọmọ kéékèèké tí mo ń kọ́ ní eré yìí pẹ̀lú: ẹni tó ń pariwo jù nínú ẹgbẹ́ àtijọ́ á rọra jókòó, á máa wo bí àwọn tó bá níbẹ̀ ṣe ń we téèpù mọ́ ọ̀pá wọn.

Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ jù ni Jack Eichel, ọmọ Massachusetts. Ní ọdún 2015, Buffalo Sabres mú un ní ipò kejì nínú ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun ní ìtẹ̀léra; Connor McDavid nìkan ló ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni. Buffalo ló gbẹ̀yìn pátápátá ní sáà tó ṣáájú, gbogbo ìlú sì ń wò ó bí ẹni tí yóò gbà wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2018, kí ó tó pé ọmọ ọdún 22, wọ́n fi í ṣe balógun ẹgbẹ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́rin ni ẹgbẹ́ náà lò láàárín sáà 6 tó fi wà níbẹ̀. Àmì 355 ló kó jọ nínú eré 375 (góòlù kan, àmì kan, ẹni tó bá sì gbé pọ́ọ̀kì, ìyẹn àwo rọ́bà kékeré tí wọ́n ń gbá, fún ẹni tó gbá a wọlé, àmì kan ni tirẹ̀ náà). Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ náà kò dé abala ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Stanley, ife tí ẹgbẹ́ tó borí ní NHL ń gbà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún, tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn bá ń múra ìjà fún ife, ilé ló ń lọ.

Ta ni ọmọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ wò kọ́ṣe? Òun náà ni wọ́n ń wò. Tí ẹgbẹ́ bá pàdánù, òun ni àwọn oníròyìn ń bi léèrè. Bí ó bá sì fajú ro, wọ́n á ní ìwà rẹ̀ ni kò dára.

Ní oṣù kẹta 2021, ó fara pa lọ́rùn. Ọ̀kan nínú àwọn àwo rírọ̀ tó wà láàárín eegun ọrùn rẹ̀ yọ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ fẹ́ kí wọ́n so eegun méjì pọ̀. Òun fẹ́ kí wọ́n fi àwo àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀, irú iṣẹ́ abẹ tí agbáhọ́kì NHL kankan kò tíì ṣe rí. Àdéhùn tó wà láàárín líìgì àti àwọn eléré sì fún ẹgbẹ́ ní àṣẹ ìkẹyìn lórí ìtọ́jú. Wọ́n fà á fún oṣù púpọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n gba ipò balógun lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá 2021, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Vegas Golden Knights, wọ́n gba Alex Tuch, Peyton Krebs àti àǹfààní méjì láti yan ọ̀dọ́. Vegas gbà kí ó ṣe iṣẹ́ abẹ tó fẹ́. Oṣù náà ló ṣe é, ó sì ti padà sórí yìnyín ní oṣù kejì 2022.

Ẹ má rò pé ọjọ́ tó dé Vegas ló dàgbà o. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2022, ó padà sí Buffalo gẹ́gẹ́ bí àlejò. Gbogbo ìgbà tí pọ́ọ̀kì bá kan ọ̀pá rẹ̀ ni àwọn òǹwòran ń hó lé e lórí. Buffalo borí pẹ̀lú 3 sí 1, Tuch tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ sì wà lára àwọn tó gbá a wọlé. Lẹ́yìn eré náà, Eichel sọ fún àwọn oníròyìn pé òun kò tíì gbọ́ ariwo tó bẹ́ẹ̀ ní pápá yẹn rí, pé ó gba ọdún 7 àti lílọ òun kí wọ́n tó lè pariwo báyẹn. Ẹni tí inú ń bí ló sọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò bá a wí. Ẹgbò ọkàn máa ń pẹ́ kó tó jiná ju ti ọrùn lọ.

Sáà tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ní Vegas, Mark Stone ni balógun. Alex Pietrangelo wà níbẹ̀, ẹni tó ti ṣe balógun St. Louis nígbà tí wọ́n gba ife ní 2019. Eichel bọ́ sí àárín àwọn ẹni tó ti rìn jìnnà jù ú lọ. Kò sí ẹni tó ní kí ó gba ìlú là mọ́. Bruce Cassidy, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dé ní 2022, béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀: kí ó máa padà sẹ́yìn. Nínú họ́kì, iṣẹ́ ẹni àárín kì í ṣe kí ó máa dúró síwájú de pọ́ọ̀kì. Bí ọ̀tá bá gbé e wọ agbègbè wa, ó gbọ́dọ̀ sáré wálẹ̀ títí dé ẹ̀bá àwọ̀n tiwa, kí ó wà láàárín ọ̀tá àti aṣọ́lé, kí ó fi ọ̀pá dí ọ̀nà. Iṣẹ́ tó ń tánni lókun ni, kò sì sí àmì kankan fún un nínú ìwé. Eléré tí gbogbo ìlú ń retí góòlù lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà ráyè kọ́ ọ.

Nígbà tí ó wá dé abala ìdíje Ife Ẹ̀yẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2023, àmì 26 ló ní nínú eré 22, kò sí ẹni tó ní jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo ìdíje náà. Nínú 26 yẹn, góòlù tirẹ̀ jẹ́ 6 péré. Ogún tó kù, ẹlòmíràn ló gbé pọ́ọ̀kì fún. Iye yẹn wú mi lórí ju góòlù 40 lọ.

Ní eré kejì àṣekágbá tí Vegas bá Florida Panthers gbá, Matthew Tkachuk ti Florida fi ejìká pàdé rẹ̀ láàárín pápá, ó gbá a lulẹ̀. Ẹ rántí pé ọkùnrin tí wọ́n fi àwo àtọwọ́dá sí lọ́rùn nìyí. Ó dìde, ó wọlé lọ sí yàrá ìmúra, gbogbo wa ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó padà wá ní ìdá kẹta eré náà, kò pẹ́ tó fi gbé pọ́ọ̀kì fún Jonathan Marchessault, ìyẹn sì gbá a wọlé. Lẹ́yìn eré náà, kò fẹ̀sùn kan Tkachuk. Ó ní ìkọlù tó bá òfin mu ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn wé èyí tó sọ ní Buffalo ní ọdún kan ó lé díẹ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà, Vegas fi 9 sí 3 gba ife. Marchessault ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn eléré tó pegedé jù, kì í ṣe òun.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹrù tó wúwo nìkan ló ń ba eléré jẹ́. Ẹ wo Sam Bennett. Calgary Flames mú un ní ipò kẹrin ní 2014. Ní oṣù kìíní 2016, ọmọ ọdún 19, ó gbá góòlù 4 wọlé nínú eré kan ṣoṣo, Florida Panthers ló sì gbá a sí. Góòlù 18 ló ní ní sáà yẹn, kò sì tún dé iye bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ó fi kúrò ní Calgary. Wọ́n gbé e kúrò láàárín, wọ́n fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni àwọn eléré ń wọ orí yìnyín, ọ̀wọ́ kìíní ló sábà máa ń pẹ́ jù níbẹ̀; ó bọ́ sí ọ̀wọ́ kẹta, ó bọ́ sí ọ̀wọ́ kẹrin. Ẹni tó bá wà ní ọ̀wọ́ kẹrin kì í pẹ́ lórí yìnyín: á sáré wọlé, á kọlu ènìyàn, á padà jókòó. Ìjà nìkan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ìjà náà ló sì ń jà.

Ní oṣù kẹrin 2021, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Florida, ẹgbẹ́ tó fi góòlù 4 jẹ níyà nígbà ọmọdé. Wọ́n dá a padà sí àárín, wọ́n fi Jonathan Huberdeau sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú eré 10 àkọ́kọ́, àmì 15. Sáà tó tẹ̀ lé e, góòlù 28. Ó gba ife ní 2024, ó tún gbà á ní 2025, ó sì gbá góòlù 15 wọlé nínú ìdíje ife ti 2025 tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Conn Smythe, ti eléré tó pegedé jù. Kò di onírẹ̀lẹ̀ lórí yìnyín o. Ó ṣì ń kọlu ènìyàn, ọ̀pọ̀ alátakò kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára yẹn ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ẹnì kan wà tó bá àwọn méjèèjì yìí jókòó nínú yàrá kan náà, ẹni wa sì ni ní ìdajì: Kyle Okposo, tí bàbá rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Minnesota ni wọ́n bí i sí. New York Islanders ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2016 ó fọwọ́ ara rẹ̀ yan Buffalo, ó sì bá Eichel níbẹ̀. Ní 2017, ọgbẹ́ orí gbé e dé ọsibítù. Góòlù rẹ̀ dín kù lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ó di ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, wọ́n sì fi í ṣe balógun ní 2022, ipò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Eichel. Ní oṣù kẹta 2024, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 36, Buffalo fi í ránṣẹ́ sí Florida. Balógun ní àná, àlejò lónìí. Nínú eré 24 tí Florida gbá fún ife lọ́dún náà, 17 ni wọ́n fi í sí. Ó jókòó wo ìyókù. Ó gba iṣẹ́ kékeré náà, ó ṣe é, ó gba ife, ó sì fẹ̀yìn tì lọ́dún yẹn kan náà lẹ́yìn eré 1,051. Ìdàgbàsókè ni mo pe èyí pẹ̀lú. Bóyá òun ló tilẹ̀ ṣòro jù.

Kì í ṣe gbogbo ìrìnàjò ló ń sọni di àgbà. Mike Sillinger gbá họ́kì fún ẹgbẹ́ 12 ní NHL, kò sí ẹni tó kọjá iye yẹn, síbẹ̀ kò gba ife kankan. Patrice Bergeron kò kúrò ní Boston láti 2003 títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2023, àgbà tòótọ́ sì ni. Boston yìí kan náà ló fi Joe Thornton, balógun wọn, ránṣẹ́ sí San Jose ní oṣù kọkànlá 2005; kí sáà yẹn tó parí, òun ló gba ẹ̀bùn Hart, ti eléré tó wúlò jù fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò tíì sí ẹlòmíràn tó pààrọ̀ ẹgbẹ́ láàárín sáà tó gba ẹ̀bùn yẹn.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ débí yìí, ìyá kan dìde. Ó ní ọmọ òun jẹ́ ọmọ ọdún 13, orí bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí, akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ mìíràn sì ti ń pè wọ́n. Ó ní ṣé kí àwọn lọ?

Mo ní: Màmá, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá òfin agbègbè yín gbà á, nítorí ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹgbẹ́ àdúgbò gbọ́dọ̀ fún ọmọ ní ìwé ìyọ̀ǹda kí ó tó lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọmọ náà ohun tó rò pé wọn kò jẹ́ kí òun ṣe níbi tó wà. Bí kò bá rí ohun kan pàtó sọ, ẹ ní sùúrù. Bó bá rí i sọ, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun yẹn: ipò wo lẹ fẹ́ fi ọmọ mi sí? Àwọn wo ni yóò bá gbá a? Ta ni nínú àwọn ọmọ tó dàgbà jù ú lọ tó lè máa wò kọ́ṣe? Bó bá ní, “Ẹ mú un wá ná, a ó rí i nígbà tó bá dé,” ẹ má tíì buwọ́ lùwé.