Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ Ọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Áàpù àti Gírámà Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nìyí. Mo ti gé e kúrú díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n mi ò yọ àwàdà inú rẹ̀, mi ò sì yọ ibi tí wọ́n ti dá mi dúró.

Alága, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó o. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Àwọn tó mọ̀ mí ti ń wo aago báyìí, torí wọ́n mọ̀ pé ibi yòówù tí wọ́n bá pè mí sí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo máa ń sọ: kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn. Kó má ṣà á nínú èyí tí wọ́n tò sílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ń dun gbogbo wa. Lẹ́tà kan ni: "s". "I go, you go, we go, they go," gbogbo rẹ̀ ń lọ geere, àfi tó bá kan "she", tí Gẹ̀ẹ́sì á ṣàdédé ní ká fi "s" sí i. Nínú èdè tiwa, mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, wọ́n lọ. "Lọ" kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló ń lọ. Ọmọ tó ti inú irú èdè bẹ́ẹ̀ wá, tó kọ "She go", kì í ṣe olódo. Kódà àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bí, wọn kì í tètè mú un. Roger Brown, onímọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń gbọ́ èdè, tẹ̀lé àwọn ọmọ kéékèèké mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, ó gbé ìwé jáde lórí wọn ní 1973. "S" tó wà ní "books" ti jókòó dáadáa lẹ́nu wọn kí èyí tó wà ní "goes" tó dé. Lẹ́tà kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ẹ rọra máa pariwo mọ́ àwọn ọmọ yín.

Wàhálà gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ti mọ òfin náà tán. Ẹ ní "she" ń gba "s". Ó gbọ́. Ó lọ kọ "Does she goes?" Ó tún kọ "She can sings." Ẹ ní ohun tó ti kọjá ń di "went". Ó gbọ́ ìyẹn náà, ó kọ "I did not went." Ṣé ẹ rí i pé ọmọ yìí ń ronú? Òfin tí ẹ fún un ló ń lò, ó sì ń lò ó ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Ohun tí ẹ kò sọ fún un ni pé ẹrù kan ṣoṣo ni, orí kan ṣoṣo ló sì ń rù ú. Bí "does" bá ti gbé "s", "go" á máa fọwọ́ lẹ́rán lọ ni. Bí "did" bá ti ru àná, "go" kò gbọdọ̀ tún àná rù. Ní ti "can", ọlọ́lá ni: kì í ru nǹkan kan, kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó tẹ̀ lé e rù ú.

Ibí yìí gan-an ló yẹ kí áàpù, ètò orí fóònù tí ọmọ fi ń ṣe ìdánrawò, ti ràn wá lọ́wọ́, ibí yìí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti já wa kulẹ̀. Ẹ wo ìbéèrè yìí: "Does she ___ here?" Nísàlẹ̀ ni wọ́n to "works", "work" àti "working" sí. Ọmọ tẹ "works". Iná pupa tàn. Ó tẹ "work". Iná àwọ̀ ewé tàn, orin bẹ̀rẹ̀, ìràwọ̀ ń já bọ́, máàkì wọlé. Kí lọ́mọ kọ́? Ó kọ́ pé bí ti àkọ́kọ́ kò bá jẹ́, kéèyàn tẹ ìkejì. Ewúrẹ́ tó bá tẹ fóònù pẹ́ tó á gba ìràwọ̀.

Ìjà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, Sidney Pressey ti Ohio State University ṣe ẹ̀rọ kan tó ní bọ́tìnnì mẹ́rin. Ìbéèrè á yọ, akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ ọ̀kan nínú mẹ́rin. B. F. Skinner, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Harvard, wá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science ní 1958 pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé ìdáhùn jáde látinú ara rẹ̀, kó má kàn máa dá a mọ̀ láàárín àwọn mìíràn. Èmi kì í ṣe ọmọlẹ́yìn Skinner. Ọ̀pọ̀ ohun tó sọ nípa bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ èdè ni mi ò gbà. Ṣùgbọ́n lórí èyí, bàbá náà jàre. Fóònù tó wà nínú àpò yín báyìí ń ṣe ohun tí àwọn méjèèjì kò lè lálàá rẹ̀, síbẹ̀ bọ́tìnnì mẹ́rin Pressey la ṣì ń tẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bọ́tìnnì rọrùn fún ẹni tó ń ṣe áàpù. Ìdáhùn tí ọmọ fọwọ́ kọ máa ń fúnni ní iṣẹ́: "does not" tọ̀nà, "doesn't" náà tọ̀nà, ẹlòmíràn á fi àyè méjì sáàárín ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn á gbàgbé lẹ́tà ńlá. Ẹni tó ń tajà kò fẹ́ irú wàhálà yẹn. Àwa olùkọ́ lè fẹ́ ẹ. Moodle, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí olùkọ́ fi ń ṣètò ẹ̀kọ́ àti ìdánrawò, wà láti 2002. Hot Potatoes náà wà, ètò tí a fi ń ṣe ìdánrawò, èyí tó ti University of Victoria ní Kánádà jáde. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, méjèèjì ló sì máa jẹ́ kí ẹ kọ èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Nínú Moodle, ẹ lè fi àmì ìràwọ̀ (*) dúró fún ohunkóhun tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. "Yesterday she did not ___ early." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún ọmọ ni "come". Kí n tó kọ ìdáhùn tó tọ̀nà, àwọn tó ṣì ni mo kọ́kọ́ máa ń kọ, torí mo ti mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó. Bó bá kọ "came", ẹ̀rọ á ní: "Ta ló ti ru àná nínú gbólóhùn yìí? Wo ọ̀rọ̀ tó wà ṣáájú 'not'." Bó bá kọ "comes": "Ìgbà wo lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀?" Bó bá kọ "coming": "'-ing' máa ń wá 'is' tàbí 'was' mọ́ra. Ṣé o rí ọ̀kan níbí?" Ẹ kíyè sí i pé mi ò tíì sọ ìdáhùn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Áàpù oníràwọ̀ ń kọ́ ọmọ láti wo iwájú, kó sáré lọ síbi ìbéèrè tó kàn. Èmi fẹ́ kó wẹ̀yìn wo ohun tó gbé e ṣubú.

Ẹnìkan á ní kí ló dé tí ẹ̀rọ kò kàn fi èyí tó tọ̀nà hàn án kíákíá. Ní 1997, àwọn olùwádìí méjì, Roy Lyster àti Leila Ranta, kọ̀wé lórí àwọn kíláàsì kan ní Kánádà, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń fi èdè Faransé kẹ́kọ̀ọ́. Bí ọmọ bá ṣìṣe, ohun tí àwọn olùkọ́ ń ṣe jù ni pé wọ́n á tún gbólóhùn rẹ̀ sọ bó ṣe yẹ, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ọgbọ́n yẹn gan-an ló kẹ́yìn nínú gbígbé ọmọ dìde láti tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe. Olùkọ́ ti tún un ṣe, kí ló kù fún ọmọ? Iná àwọ̀ ewé tó fi ìdáhùn hàn lójú ẹsẹ̀ ń ṣe ohun kan náà.

Mo mọ̀ pé àwọn alátakò mi wà nínú gbọ̀ngàn yìí, mo rí yín. Ẹ̀ka kan ní kí á pa gírámà tì pátápátá. Bàbá ìsàlẹ̀ wọn ni olùwádìí kan, John Truscott, tó kọ ọ́ ní 1996 pé kí olùkọ́ yéé tún gírámà ṣe nínú ìwé àwọn ọmọ. Dana Ferris, olùwádìí mìíràn, fèsì láti takò ó ní 1999, ẹ sì mọ bí ìjà náà ṣe ń lọ láti ìgbà yẹn. Mo gbà fún Truscott níbì kan: gègé pupa tó kún ojú ìwé kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan kan ju pé kó máa kọ gbólóhùn kúkurú. Ẹ̀ka kejì ní kò sídìí wàhálà, pé ẹ̀rọ aṣàtúnṣe ti wà, ẹ̀rọ á tún un ṣe. Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Bí fóònù bá ń pọ̀n ọ́n títí di ọjọ́ tó máa jókòó ṣèdánwò láìsí fóònù, ọjọ́ yẹn náà ló máa mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń dunni.

Ó yẹ kí n sáré báyìí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí olùwà tó jìnnà sí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, bíi "The list of names is long", níbi tí "names" ti ń fa ojú ọmọ kúrò lára "list". Mo tún fẹ́ kan "I have seen him yesterday", níbi tí "have" àti "yesterday" kò ti lè gbélé pọ̀. Mo ní ojú ìwé mẹ́fà lórí bó ṣe yẹ kí ẹ fi àlàfo sáàárín ìdánrawò, láti orí Ebbinghaus, tó kọ̀wé lórí ìrántí àti ìgbàgbé ní 1885, títí dé orí Anki, áàpù tó ń dá ìbéèrè padà fúnni lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Alága ti na ìka márùn-ún sí mi. Ẹ gbà á báyìí: ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́ dára ju wákàtí kan lọ́sẹ̀ lọ, kí ohun tí ọmọ bá ṣì sì tètè padà wá bá a ju ohun tó gbà lọ.

Níbi tí mo ti ń wá ojú ìwé tó kàn ni màmá kan ti nàwọ́ sókè lẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n dúró dé ìgbà ìbéèrè. Wọn ò dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Èmi ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí. Kò sí bọ́tìnnì, wọ́n ń fọwọ́ kọ ọ́ ni, mo sì kọ èsì fún àṣìṣe. Ọjọ́ Ajé, ogún nínú ogún ni wọ́n gbà. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo ní kí wọ́n kọ àròkọ, wọ́n kọ 'My sister like to read.' Ẹ wá sọ fún mi."

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Kí n má purọ́, ìbéèrè yẹn tóbi ju ohun tó kù lọ́wọ́ mi lọ, mo bá pa ìwé mi dé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ kọ sókè ìdánrawò náà?" Wọ́n ní "Third Person Singular". Mo ní, "Ìbéèrè ogún yẹn ńkọ́?" Wọ́n ní "he", "she" àti "it" ni gbogbo rẹ̀.

Mo ní ẹ ti fún àwọn ọmọ ní ìdáhùn kí ẹ tó bi wọ́n. Nígbà tó máa fi di ìbéèrè kẹta, kò sí ọmọ tó ń ka gbólóhùn mọ́. Wọ́n ń lẹ "s" mọ́ ohun tó bá yọjú bí ẹni ń lẹ sítáǹbù. Ẹ yọ àkọlé kúrò. Ẹ da àwọn ìbéèrè pọ̀: "My sister likes", "My sisters like", "My sister can sing", "I saw my sister dance", "Does my sister know?" Nínú márùn-ún yìí, ọ̀kan péré ló gba "s" sára ọ̀rọ̀-ìṣe tí ẹ fún wọn. Ọmọ gbọ́dọ̀ kà kó tó kọ. Máàkì á já wálẹ̀, mo sọ ọ́ fún yín. Ogún á di mọ́kànlá, òbí á fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó já, mọ́kànlá yẹn ló sún mọ́ òtítọ́ àròkọ Ọjọ́bọ̀ jù.

Ìyẹn nìkan kò sì tó. Láàárín àlàfo kan tí ọmọ ń dí àti àròkọ odidi, ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀. Tó bá ń kọ àròkọ, ìtàn ló wà lọ́kàn rẹ̀, kò ráyè "s". Ẹ má ní kó rò ó nígbà tó ń kọ. Ẹ jẹ́ kó kọ tán. Lẹ́yìn náà, kó ṣí ibi ìwákiri nínú ètò tó fi tẹ̀wé, èyí tí gbogbo kọ̀ǹpútà ní, kó wá "she", kó wá "he", kó máa dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, kó wá "did". Àṣìṣe kan ṣoṣo ni kó máa dọdẹ lẹ́ẹ̀kan. Áàpù olówó iyebíye kan kò fún mi ní èrè tó ìyẹn rí. Ẹ kó gbólóhùn tí wọ́n bá ṣì nínú àròkọ wọn, láìfi orúkọ sí i, kí ẹ sọ ọ́ di ìbéèrè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ara wọn ni wọ́n máa bá pàdé níbẹ̀.

Ẹnìkan pariwo pé ChatGPT ńkọ́. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé kó má tún nǹkan kan ṣe, kó kàn sọ ìlà tí àṣìṣe wà àti irú àṣìṣe tó jẹ́, kí ọmọ wá a fúnra rẹ̀. Kí ẹ̀yin sì kọ́kọ́ dán an wò, torí ó máa ń rí àṣìṣe níbi tí kò sí, á sì ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà bíi ti alága wa.

Alága ní àkókò tó. Màmá náà ṣì dúró.

"Olùkọ́, ó ku ẹyọ kan. Ẹ wo ìlà kejì lórí ojú ìwé tó wà lára ògiri lẹ́yìn yín. Àṣìṣe kan wà níbẹ̀. Mi ò ní sọ ọ́."

Mo yíjú padà. "The choice of exercises depend on the learner." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí nǹkan kan. Àwọn tó wà níwájú ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó bi ara mi pé ta ni olùwà, mo sì wá gègé.