Wáàsí Jímọ̀: Àròjù ti so wá lọ́wọ́

As-salaamu alaykum ẹ̀yin ará mi, Jímọ̀ mìíràn rè é, Alihamudulilai, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànọ́bì wa. Mo fẹ́ tètè dórí ọ̀rọ̀ torí àtọjọ́ Àtàláátà ló ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Mo yà sí mọ́sálásí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo bá arákùnrin kan tó fẹ̀yìn ti òpó, kò ka Kùránì, kò ṣe tẹ̀sùbáà, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀ àmọ́ iná ẹ̀ ti kú, ó ṣáà tẹjú mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Télọ̀ ni. Tó bá fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ ọnà sọ́rùn aṣọ, ẹ máa dúró wò ó ni. Mo bi í léèrè iṣẹ́, ó ní aṣọ tóun ti gé wà lórí tábìlì, ó ti ń gba eruku, òun ò lè fọwọ́ kàn án, tóun bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ báyìí gbèsè lòun ń rí, òun á tún dìde. Ẹ gbọ́ o, iṣẹ́ tó máa san gbèsè ni ìrònú gbèsè ò jẹ́ kó ṣe! Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn, àmọ́ ìtàn kan sọ sí mi lọ́kàn, òun ni mo sọ fún un.

Abu Sa'id al-Khudri, ọ̀kan nínú àwọn sahábà (ọmọlẹ́yìn Ànọ́bì), ló sọ ọ́, ó wà nínú ìwé hádíìsì tí wọ́n ń pè ní Sunan Abu Dawud. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) wọ mọ́sálásí lọ́jọ́ kan, ó rí ọ̀kan nínú àwọn Ansar, àwọn ará Mẹ̀dínà tó ran Ànọ́bì lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní Abu Umamah tó jókòó. Ànọ́bì tí gbogbo Mẹ̀dínà ń gbé ẹjọ́ wá bá, kò kọjá lára ẹ̀. Ó ní: Abu Umamah, kí ló dé tí mo rí ẹ nínú mọ́sálásí nígbà tí kì í ṣe àsìkò ìrun? Abu Umamah ní ìrònú ló dì mọ́ mi, àti gbèsè, ìwọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ànọ́bì ò bá a wí, kò sọ pé ìgbàgbọ́ ẹ ò tó. Ó ní ṣé kí n kọ́ ẹ lọ́rọ̀ kan, tó o bá ń sọ ọ́ Ọlọ́hun á mú ìrònú ẹ lọ, á sì bá ẹ san gbèsè ẹ? Abu Umamah ní bẹ́ẹ̀ ni. Ànọ́bì ní tílẹ̀ bá mọ́ àti tílẹ̀ bá ṣú, máa sọ pé:

Allahumma inni a'udhu bika minal-hammi wal-hazan, wa a'udhu bika minal-'ajzi wal-kasal, wa a'udhu bika minal-jubni wal-bukhl, wa a'udhu bika min ghalabatid-dayni wa qahrir-rijal.

Ìwọ Ọlọ́hun, mo sá di Ọ́ níbi ìrònú àti ìbànújẹ́, níbi àìlágbára àti ìmẹ́lẹ́, níbi ojo àti ahun, níbi kí gbèsè borí mi àti kí àwọn èèyàn tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Abu Umamah ní: mo ṣe bẹ́ẹ̀, Ọlọ́hun mú ìrònú mi lọ, Ó sì bá mi san gbèsè mi.

(Àwọn onímọ̀ kan ń sọ̀rọ̀ sí okùn ẹ̀gbàwá ìtàn yìí, ìyẹn àwọn tó gbà á lẹ́nu ara wọn títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ àdúà yẹn fúnra ẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, Anas tó ń ṣèránṣẹ́ fún Ànọ́bì sọ nínú ìwé hádíìsì Bukhari pé òun máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló yàtọ̀ níbẹ̀.)

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Ìrònú ló ṣíwájú, kò tíì rìn jìnnà tí ara ò fi gbé nǹkan mọ́, ìmẹ́lẹ́ wọlé, ẹ̀rù ò jẹ́ kéèyàn dán nǹkan tuntun wò, ọwọ́ há, ó parí sí gbèsè àti ìyà lọ́wọ́ ọmọ aráyé. Orí tí Ọlọ́hun fún ẹ pé kó o fi dá àrà, ohun tí ò tíì ṣẹlẹ̀ lo fi ń rò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mi ò ní kéèyàn má sunkún o. Ànọ́bì Ya'qub sunkún Yusuf ọmọ ẹ̀ tó sọnù títí ojú ẹ̀ fi funfun, ó ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun nìkan lòun ń fi ẹ̀dùn ọkàn òun sùn, āyah 86 nínú Súrà Yusuf. Ẹ ṣí āyah tó tẹ̀ lé e: ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ wá Yusuf àti àbúrò ẹ̀. Ó fẹjọ́ sùn tán, ó ránni níṣẹ́.

Àmọ́ ìwọ tó o lajú sílẹ̀ dé aago méjì òru, tí Àsùbáà wá kọjá lórí ẹ, ọ̀rọ̀ ta lò ń gbọ́? Súrà Baqarah āyah 268 ti sọ ọ́: Ṣàítánì ló ń fi òṣì dẹ́rù bà yín, Ọlọ́hun ń ṣèlérí àforíjìn àti ọlà. Ẹ̀rù yẹn náà ló ń gbé àwọn kan dé ọ̀dọ̀ awoṣẹ́, ì báà wé láwàní, ẹ sì mọ̀ pé hádíìsì kan nínú ìwé Sahih Muslim sọ pé ẹni tó bá lọ bi í léèrè nǹkan, wọn ò ní gba ìrun ẹ̀ fún 40 òru. Ìrun 40 òru, torí ọ̀la tí o ò mọ̀ bóyá o máa bá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun. Àwọn ọmọ yín ò lè rẹ́rìn-ín sókè nínú ilé mọ́ torí pé ojú bàbá le, bẹ́ẹ̀ Ànọ́bì wa tí mẹ́fà nínú ọmọ ẹ̀ méje ṣaájú ẹ̀ kú, sahábà ẹ̀ Abdullah ibn al-Harith ní òun ò rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ jù ú lọ.

Lónìí lẹ́yìn Alásárì kí oòrùn tó wọ̀, wákàtí gbígbà àdúà ni, ẹ ka àdúà yẹn, kẹ́ ẹ sì mú iṣẹ́ kan tẹ́ ẹ ti pa tì, ì báà kéré. Ọlọ́hun, bá àwọn onígbèsè wa san án, dá ọwọ́ wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, kó ẹ̀rín padà sílé wọn. Àmín.