Òru Ni AM Ń Rìn Jìnnà: Ohun Tí Rédíò Kékeré Lè Gbọ́ ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú Ọ̀gà, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá láti Ìgbógbó, Ìmọ̀ta àti Ìbẹṣẹ, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lókèèrè, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ AM la fẹ́ sọ lónìí. Rédíò tó wà nílé ọ̀pọ̀ nínú yín ní AM lára, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á, ẹ kò yí i síbẹ̀ rí. FM ni gbogbo wa ń gbọ́. Àwọn mìíràn tiẹ̀ rò pé AM ti kú, pé ariwo ṣàà-ṣàà nìkan ló kù níbẹ̀. Tí ẹ bá dán an wò ní aago méjì ọ̀sán, ẹ ó gbà pé òótọ́ ni. Ẹ dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú yìí kò mọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn kan ti ń wá orúkọ Ìkòròdú lórí rédíò, àwọn tí kò tẹ Èkó rí, tí wọn kò ní ẹbí kankan níbí. Ìkòròdú ni Voice of Nigeria, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1961, gbé ẹ̀rọ ńláńlá rẹ̀ sí. Láti ibí ni Yorùbá, Haúsá, Ígbò, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Lárúbáwá àti Swahili ti ń fò lọ sí òkè òkun láyé ọjọ́un. Orí SW (ìgbì kúkúrú) ni o, kì í ṣe MW (ìgbì àárín, èyí tí wọ́n kọ AM sí lójú rédíò yín), ṣùgbọ́n ọ̀nà AM kan náà ni wọ́n fi ń gbé ohùn lé ìgbì. Bí ẹnì kan bá mú 15120 kHz (nọ́ńbà ojú rédíò nìyẹn) ní Yúróòpù nígbà náà, tó gbọ́ Nàìjíríà, á kọ “Ìkòròdú” sínú ìwé rẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn dọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá ni wọ́n kọ́ ibùdó mìíràn sí Lugbe ní Àbújá. Wíwá ohùn ọ̀nà jíjìn kiri báyìí ni wọ́n ń pè ní DX. Ó dùn mí pé àwa tí wọ́n ń wá orúkọ ìlú wa kiri, a kì í fi bẹ́ẹ̀ wá tẹnikẹ́ni.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òru? Oòrùn ni. Ìgbì AM máa ń gba ọ̀nà méjì lọ: òmíràn ń rá mọ́ ilẹ̀, òmíràn ń gòkè. Lọ́sàn-án, èyí tó gòkè kì í padà wá. Láti nǹkan bí 60 sí 90 kìlómítà lókè orí wa, ìtànṣán oòrùn máa ń dá ìpele kan sílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní D, ìpele yìí sì máa ń mu ìgbì MW bí iyanrìn ṣe ń mu omi. Tí oòrùn bá ti wọ̀, D á tú ká. Ìpele tó wà lókè rẹ̀ kì í mu ìgbì ní tirẹ̀, dídá ló ń dá a padà sílẹ̀. Bí ohùn tó kúrò ní ìlú kan ṣe ń kan òkè nìyẹn, tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú mìíràn tó jìn sí i ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. FM kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbọọrọ ló máa ń lọ, kì í sì í pẹ́ tí á fi tán lójú ọ̀nà.

Ó yá, ẹ wo ọwọ́ mi. Rédíò oníbátìrì lásán ni. Mo ti tú ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ lè rí inú rẹ̀. Ọ̀pá dúdú yìí, tó gùn tó ìka, tí wọ́n fi wáyà pupa tín-ín-rín wé, òun gan-an ni éríà AM. Irin gígùn tí ẹ máa ń fà jáde lókè yẹn, ti FM àti SW ni, kò wúlò fún MW. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ̀nà jíjìn, gbogbo rédíò ni kí ẹ máa yí, díẹ̀díẹ̀, bí ó ṣe wà lórí tábìlì. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá yìí bá kọjú sí ibi tí ohùn ti ń bọ̀, ohùn á le. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá dojú kọ ibẹ̀, ohùn á lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí lè fi pa ilé iṣẹ́ rédíò kan lẹ́nu mọ́ kí ó lè gbọ́ òmíràn tí wọ́n jọ wà lójú kan náà.

Ẹ fi 1566 kHz bẹ̀rẹ̀. Parakou, ní Bẹ̀nẹ̀, ni TWR ti ń lo ibẹ̀, ilé iṣẹ́ rédíò onígbàgbọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ alágbára. Nǹkan bí 300 kìlómítà ló wà sí wa. Ohùn náà lè lọ kó tún bọ̀. Ẹ má torí ìyẹn sún kúrò níbẹ̀, bí ojú ọ̀run ṣe ń yí ló fà á.

Tí rédíò yín bá jẹ́ onínọ́ńbà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Nílẹ̀ Áfíríkà, 9 kHz ló wà láàárín ìkànnì kan àti èkejì lórí MW. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, 10 ni. Bí wọ́n bá ti ṣètò rédíò yín sí ti Amẹ́ríkà, á fo láti 1560 sí 1570, kò ní dúró sójú 1566 láé. Ẹ yí i sí 9. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ pé AM wọn kò gbọ́ nǹkan kan, tó sì jẹ́ pé ibí yìí ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ariwo ńkọ́? Ọ̀tá wa gan-an nìyẹn, ó sì ń pọ̀ sí i. Gílóòbù LED, ṣájà fóònù, inverter, ẹ̀rọ sólà, gbogbo wọn ló ń da ariwo sórí MW. Ìlú wa tún sún mọ́ Egbin tí wọ́n ti ń pèsè iná, wáyà ńlá sì kọjá lórí ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ẹ fi bátìrì sí rédíò, ẹ pa iná ilé láti orí mítà, kí ẹ tẹ́tí. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tan nǹkan padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá mú ariwo wá, òun ni ẹ ó máa pa lálẹ́. Bí ti àdúgbò bá pọ̀ jù, ẹ gbé rédíò lọ sétí ọ̀sà. Kò sí inverter lójú omi.

Ariwo yìí kan náà wà lára ohun tó ń lé AM kúrò nínú ọkọ̀ oníná lókè òkun. Ní 2023, Ford kéde pé òun á yọ ọ́, àwọn èèyàn pariwo, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà lóṣù kárùn-ún ọdún kan náà. Jámánì ti pa MW ilé iṣẹ́ rédíò rẹ̀ tó ń jẹ́ Deutschlandfunk ní ìparí 2015. Ní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ VOA, rédíò tó fi ń bá òkè òkun sọ̀rọ̀, dúró. Owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí AM bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, nínú iná mẹ́ta tí ẹ̀rọ bá rán jáde, méjì ni kò gbé ọ̀rọ̀ kankan dání. Ní ibi tó jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì ló ń gbé ẹ̀rọ ró, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Íńdíà ń gbìyànjú ọ̀nà DRM, tó ń gbé ohùn oní-dígítà lórí MW, tí kì í jẹ iná tó bẹ́ẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé rédíò olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà Sábó kò lè gbọ́ ọ.

Èrò tèmi ni pé kí ìjọba má ṣe jẹ́ kí gbogbo òpó AM wó. Ẹ rántí oṣù kẹta 2024, nígbà tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì bàjẹ́ lábẹ́ òkun ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Báńkì dúró, dátà kò lọ. Rédíò oníbátìrì kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Òpó kan ṣoṣo tó dára lè bá gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sọ̀rọ̀ lóru, láìgba dátà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Tí ẹ bá wá gbọ́ ilé iṣẹ́ kan, ẹ dúró dé orí wákàtí, ìgbà yẹn ni wọ́n sábà máa ń pe orúkọ ara wọn. Ẹ kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà kHz àti ohun tí ẹ gbọ́ gan-an: èdè wo, orin irú wo, kí ni wọ́n sọ. “Mo gbọ́ yín” nìkan kò tó, wọn á fẹ́ rí ẹ̀rí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣì máa ń fi káàdì QSL, ìyẹn káàdì tí wọ́n fi ń jẹ́rìí pé lóòótọ́ lẹ gbọ́ wọn, dáhùn, àwọn mìíràn á fi í-meèlì ṣe é. Aago UTC, ìyẹn aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ ń lò, ni wọ́n ń lò, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, nítorí náà aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Ìkòròdú, 2000 UTC ni kí ẹ kọ sí lẹ́tà. Ẹ má gbàgbé àdírẹ́sì yín.