Script tó mọ̀ pé iná lè lọ nígbàkígbà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ẹ wo fóldà backup, ìyẹn ẹ̀dà ìpamọ́, tó wà lójú kọ̀ǹpútà yìí. Fáìlì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, odidi oṣù mẹ́ta, kò fo ọjọ́ kan. Ẹni tó bá rí i á ní ọkàn òun balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe tóbi tó: báítì 20, báítì 20, báítì 20, títí dé ìsàlẹ̀.

Màmá kan tó ń ta áńkárá ní Gbági ló ni database (àkójọ àkọsílẹ̀) tí wọ́n ti wá. Ibẹ̀ ló ń kọ àwìn sí: ta ló gbé ọjà, èló ló ti san, èló ló kù. Èmi ni mo kọ script, ìyẹn àkójọ àṣẹ, tó yẹ kó máa ṣe backup rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan pààrọ̀ password, mysqldump, àṣẹ tó ń da database kọ, kò rí ọ̀nà wọlé mọ́, kò sì tú nǹkan kan jáde. Gzip tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń di dátà kó lè kéré, gba òfìfo, ó dì í, ó ní iṣẹ́ ti parí. Bí gzip bá di òfìfo, báítì 20 ló máa ń jẹ́. Àpò gàrí tí wọ́n rán ẹnu rẹ̀ dáadáa ni, tí kò sí gàrí nínú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé database gan-an kò tíì bàjẹ́ kí n tó rí i. Ó dùn mí púpọ̀, mo sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀:

```
#!/usr/bin/env bash
set -euo pipefail
ibi=/srv/backup
f="$ibi/$(date +%F).sql.gz"
mysqldump --single-transaction oja | gzip > "$f.tmp"
zcat "$f.tmp" | tail -n 1 | grep -q 'Dump completed'
sync
mv "$f.tmp" "$f"
find "$ibi" -name '*.sql.gz' -mtime +30 -delete
```

Ìlà kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ há sórí. Lẹ́tà e inú rẹ̀ ní kí script dúró bí àṣẹ kan bá kùnà. Lẹ́tà u ní kó dúró bí a bá pe orúkọ tí a kò fi nǹkan kan sí. Pipefail ló ń wo àìsàn tó ṣe wá ní Gbági. Bí àṣẹ méjì bá so mọ́ra bíi mysqldump àti gzip, èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ni Bash, tó ń ka script wa, máa ń bi bóyá iṣẹ́ yọrí. Pipefail ní kó bi gbogbo wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Ní Dùgbẹ̀, ní Mọ́kọ́lá, ní Bódìjà, iná lè lọ nígbà tí script wà lẹ́nu iṣẹ́, kí inverter náà sì ti rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sínú fáìlì .tmp ná. Bí iná bá lọ láàárín, .tmp ni ẹ máa bá nílẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ pé kò pé. Bí mysqldump bá parí iṣẹ́ rẹ̀, ó máa ń kọ “Dump completed” sí ìlà tó gbẹ̀yìn. A wá a, a rí i, sync tì í wọ inú disk, lẹ́yìn náà ni mv fún un lórúkọ gidi. Mv kì í kó dátà kiri nínú disk kan náà, orúkọ ló ń pààrọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì ń ṣe é. Torí náà, ẹ má lọ fi .tmp yẹn sínú disk mìíràn o, torí á di pé ó ń da fáìlì kọ, iná sì lè bá a lójú ọ̀nà.

Find wà nísàlẹ̀ pátápátá kí ẹ̀dà tuntun tó pé tó dé ká tó pa ti àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi -print rọ́pò -delete, kí ẹ wo ohun tó máa pa. Ẹ má sì gbé -delete ṣáájú -name láéláé: gbogbo ohun tó wà nínú fóldà náà ló máa lọ.

Ní ti --single-transaction, ó ń jẹ́ kí màmá lè máa tajà lọ nígbà tí backup ń lọ. Tábìlì InnoDB, irú tábìlì kan nínú MySQL, ló wà fún.

Aago ńkọ́? Mo ti fi sínú cron rí, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ ní aago tí a bá dá fún un: aago méjì òru. Àṣé wọ́n ń pa kọ̀ǹpútà bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, cron kì í sì í padà wá ṣe iṣẹ́ tó ti kọjá. Timer ti systemd, tó ń darí àwọn iṣẹ́ lórí Linux, ni mo wá lò:

```
[Timer]
OnCalendar=*-*-* 02:00
Persistent=true
```

Persistent yẹn ní pé bí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa lákòókò náà, kó ṣe iṣẹ́ ọ̀hún gbàrà tí wọ́n bá tàn án. Bó bá jẹ́ sáfà tí ẹ yá lókè òkun ni, ẹ tẹ date wò ná. Púpọ̀ nínú wọn ń lo UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, aago tiwa sì fi wákàtí 1 ṣíwájú rẹ̀: aago méjì òru tiwọn, aago mẹ́ta ni ní Ìbàdàn.

Àwọn kan á ní gzip -t ti tó láti fi yẹ backup wò. Kò tó. Mo fi wo àwọn fáìlì báítì 20 wọ̀nyẹn, ó ní wọ́n dára. Bóyá àpò náà kò ya ló ń wò, kì í bi bóyá gàrí wà nínú rẹ̀. Ẹ dá database mìíràn sílẹ̀, ẹ pè é ní idanwo, kí ẹ tú ẹ̀dà náà sínú rẹ̀ (orúkọ fáìlì ẹ̀dà náà ni kí ẹ fi rọ́pò $f):

```
zcat "$f" | mysql idanwo
```

Kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Enter, torí DROP TABLE wà nínú ohun tí mysqldump ń kọ. Bó bá jẹ́ oja, orúkọ database màmá gan-an, lẹ kọ dípò idanwo, ọjà òní ti lọ nìyẹn.

Nígbà tí mo ṣe é tán, mo ní kí màmá dárúkọ oníbàárà kan. Ó dárúkọ ẹnì kan, ó sì sọ iye tó kù lọ́rùn ẹni náà láìwo ìwé. Mo wá a nínú idanwo. Iye tí mo bá níbẹ̀ bá ti ẹnu rẹ̀ mu.