Apá Kejì Ìtàn Oògùn, Ogun àti Ìfẹ́: Ẹ Má Fi Agbára Kún Oògùn

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Òṣogbo la ti ń kí yín. Apá kìíní ìtàn yín ti jáde. Wọ́n kà á, wọ́n ní ó dùn, wọ́n ti ń béèrè èyí tó kàn. Ṣùgbọ́n akọni yín ti ṣẹ́gun, ó ti gbé arẹwà níyàwó, ìlù ti dún, ìlú ti jó. Kí ló wá kù? Ibẹ̀ ni gègé ti ń dúró mọ́ ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé lọ́wọ́. Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀dá ìtàn o, ẹni tó ti kọ apá kìíní ti kọjá ìyẹn. Apá kejì là ń bá wí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ ó kọ́kọ́ bi ara yín: ta ni akọni mi jẹ ní gbèsè? Apá kìíní ni ìgbà tó ń yáwó. Apá kejì, ológò ti dé, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní dìde.

Ẹ wo ìtàn ìlú wa yìí. Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ tẹ̀dó sétí odò. Wọ́n gé igi, igi wó sínú omi, ohùn kan sì jáde látinú odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Gbèsè nìyẹn! Wọ́n kó kúrò létí omi, wọ́n bá Ọ̀ṣun mulẹ̀: yóò máa dáàbò bò wọ́n, àwọn náà yóò máa bọ ọ́ lọ́dọọdún. Títí di òní, bí oṣù Kẹjọ bá dé, Arugbá ń gbé igbá lọ sódò. Ìkòkò tó fọ́ ni apá kìíní. Igbá tí wọ́n ń rù ni apá kejì.

Ó yá, oògùn. Ẹ sún mọ́ mi, torí ibí yìí lẹsẹ̀ ti ń yọ̀ jù.

Ní apá kìíní, akọni ní àfẹ́ẹ̀rí àti òkígbẹ́. Ó dáa. Apá kejì dé, òǹkọ̀wé fi ayẹta kún un. Ó fi kánàkò kún un. Ó fi egbé, ó fi gbètugbètu kún un. Kó tó di orí karùn-ún, ọkùnrin náà ti di òkè tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣí nídìí. Ọ̀tá yìnbọn, kò wọlé. Ọ̀tá ṣá a, àdá tẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí wá ni òǹkàwé fẹ́ máa bẹ̀rù fún un? Òǹkàwé ti mọ̀ pé yóò yè é, ó sì ti pa ìwé dé.

Ẹ gbọ́ mi o. Ẹ MÁ FI AGBÁRA KÚN OÒGÙN. ÈÈWỌ̀ LẸ Ó FI KÚN UN. Mo tún un wí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ÈÈWỌ̀ LẸ Ó FI KÚN UN!

Ẹ padà wo Arugbá. Kò sí idà níbẹ̀, kò sí àrá. Ọmọdébìnrin kan ru igbá, kò sì gbọdọ̀ kọsẹ̀. Gbogbo ìlú tẹ ojú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ààfin dé Igbó Ọ̀ṣun. Òkúta kékeré kan lójú ọ̀nà yẹn ju ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun lọ. Òun ni mo fẹ́ kí oògùn yín máa ṣe sí òǹkàwé.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Kí ẹ tó kọ orí kìíní, ẹ kọ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́ta síwájú rẹ̀: ohun tó lè ṣe, ohun tí kò lè ṣe láéláé, àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó lò ó. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ẹ jẹ́ ká fi egbé ṣe àpẹẹrẹ. Bí akọni bá ti fi egbé dé ìlú òkèèrè ní apá kìíní, tí wọ́n wá jí ìyàwó rẹ̀ gbé ní apá kejì, ohun àkọ́kọ́ tí òǹkàwé máa sọ ni pé, “Egbé rẹ̀ dà?” Bí ẹ bá dákẹ́, ìtàn ti tú nìyẹn. Ẹ dáhùn kó tó béèrè. Ẹ lè ní egbé yín kì í gbé ju ẹni tó ni ín lọ, àti pé ìgbàkígbà tó bá gbé e, orúkọ ẹnì kan tó fẹ́ràn ń parẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ó lè dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan o, àmọ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n ó fi rìn padà láàárín ọ̀tá, ó sì lè dé ibẹ̀ kó máa wo obìnrin náà bí àjèjì. Oògùn, ogun, ìfẹ́: ìdè kan ṣoṣo lẹ fi so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn.

Iye ńkọ́? Oògùn mẹ́ta tó fún akọni kan, ẹyọ kan péré sì ni kó jẹ́ tuntun ní apá kejì. Bí ìwé yín bá jẹ́ orí 30, ẹ jẹ́ ká rí tuntun yẹn kó tó di orí 7, kí èèwọ̀ rẹ̀ sì ti gba nǹkan lọ́wọ́ akọni kó tó di orí 15. Oògùn tí a kò rí tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ lápò ẹnikẹ́ni lójú ogun ìkẹyìn. Kò gbọdọ̀ yọ! Èrú ni òǹkàwé máa kà á sí, òótọ́ ló sì sọ.

Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí wé àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ fara mọ́ mi díẹ̀. Aláró fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, ó jẹ́ kó gbẹ, ó wá rẹ ẹ́ sínú aró. Bó bá fà á jáde, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ó tún rẹ ẹ́, ó tún sá a. Rírẹ kejì kì í ya ọnà tuntun, ó ń mú aró dúdú sí i títí ọnà àkọ́kọ́ á fi hàn gbangba. Bí ẹ bá sì kánjú rẹ ẹ́ láì sá a, aró ò ní mú. Nítorí náà, lẹ́yìn ogun kọ̀ọ̀kan, ẹ sá ìtàn. Ẹ fún wa ní orí kan tí ẹnikẹ́ni ò ti ja, tí wọ́n ń sin òkú, tí wọ́n ń dáná, tí ẹnì kan kò lè sùn. Ibẹ̀ ni àwọ̀ ti ń yí padà.

Ogun wàyí. Ìṣirò ni o, ẹ mú bírò.

Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dó ti Òṣogbo yìí. Ìlú ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Balógun Ọdẹ́rìnlọ sì kó ogun wá. Bí ẹyẹ bá fò tààrà, Ìlọrin tó bíi kìlómítà 80 sí wa, Ìbàdàn náà sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ogun tó ru ẹrù ń rin bíi 20 lóòjọ́. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ fún ìlú inú ìtàn tiyín tó wà ní irú àyè bẹ́ẹ̀: ìránṣẹ́ sáré ọjọ́ méjì kó tó dé, àwọn ìjòyè jíròrò ọjọ́ kan, ogun rin ọjọ́ márùn-ún torí ọ̀nà kì í tọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ! Ta ló ń ṣọ́ odi? Omi ńkọ́? Ta ló fẹ́ yọ́ ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá? Orí mẹ́fà wà nínú ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, ẹ̀yin kan fẹ́ fi gbólóhùn kan fò ó dá.

Oúnjẹ. Bí ọmọ ogun bá jẹ́ 2,000, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ kìlò kan lóòjọ́, ogún àpò àgbàdo ọlọ́gọ́rùn-ún kìlò nìyẹn lójúmọ́. Bí aláàárù bá ń ru kìlò 25, ẹ nílò 80 aláàárù fún oúnjẹ ọjọ́ kan péré, àwọn náà sì ń jẹun. Ìdí nìyẹn tí ìtàn àtẹnudẹ́nu Òṣogbo nípa ogun náà fi dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀: wọ́n ní Ọ̀ṣun di obìnrin eléfọ̀ọ́, ó ta ẹ̀fọ́ yánrin fún àwọn ọ̀tá, inú sì ṣe wọ́n. Ebi ló ṣílẹ̀kùn fún oògùn yẹn. Ẹ rí bí oògùn ṣe kéré tó, tó sì dé ojú àmì?

Ẹṣin náà ní ààlà tirẹ̀. Òru ni Ìbàdàn kọlù wọ́n, ẹṣin kì í sì í ṣe ohun ìjà tó wúlò nínú òkùnkùn. Inú igbó kìjikìji, àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri ń pa ẹṣin, igi ò sì jẹ́ kó sáré. Ẹ má kó 500 ẹlẹ́ṣin wọ igbó kí gbogbo wọn tún jáde láàyè.

Ẹ wọn igbó náà pẹ̀lú. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005 jẹ́ bíi hẹ́kítà 75. Kò gba èèyàn ní wákàtí méjì láti là á já. Igbó tí akọni yín fi ọjọ́ mẹ́ta rìn gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 60. Ẹ yà á sórí ìwé.

Ìfẹ́. Ìdánwò kan ló wà: ẹ yọ ìfẹ́ náà kúrò pátápátá. Ṣé ogun ṣì parí síbi tó parí sí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹ ronú sí Mọremí. Wọ́n kó o lẹ́rú, ọba ọ̀tá gbé e níyàwó, inú ilé ọkọ ló ti mọ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló wà nínú aṣọ ìko tí Ifẹ̀ ń pè ní iwin, ògùṣọ̀ sì parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ yọ ìgbéyàwó yẹn kúrò, Ifẹ̀ ṣubú! Lẹ́yìn ìṣẹ́gun ni odò Ẹsìnmìrìn tún béèrè Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ológò dé nìyẹn o. Ẹni tó bá fẹ́ kọ apá kejì, ibi tí obìnrin náà ti ń bọ̀ láti etí odò lọ́wọ́ òfo ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé dandan ni kí apá kejì lọ síwájú. Fágúnwà gbé ìwé ọdẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938. Èyí tó tẹ̀lé e ní 1949, ẹ̀yìn ló padà sí, ó lọ sọ ìtàn bàbá ọdẹ náà. Gbèsè baba náà ni gbèsè.

Àtúnsọ apá kìíní? Ọ̀rọ̀ 200, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kó sì jẹ́ ẹnu ẹni tó ń bínú ló ti jáde. Ẹ jẹ́ kí opó ọmọ ogun kan dúró lẹ́nu ọ̀nà akọni, kó máa ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ogun sí i létí, kí akọni má sì rí èsì fọ̀. Ojú ìwé kìíní yín nìyẹn. Ẹ lọ kọ ọ́ lónìí.